Ohun Tó Wà Lábẹ́ Dúdú

Moríàmọ̀ rà á ní Àjàṣẹ́, nínú ẹrù ọkọ̀ ojú omi,
láàárín ìkòkò tó ti jó àti bàtà ẹsẹ̀ kan:
àpótí pẹlẹbẹ, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.
Ó gbé e wá bá mi ní Kétu,
ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi fánísì kùn ún, kó lè tà."

Igi ni mo ń kùn láti ọmọ ọdún méjìlá.
Bàbá mi, Ọdúnlámì, ló kọ́ mi
pé kí n fi èékánná kan igi, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀,
kí n tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ agolo.
Mo kan àpótí náà.
Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ti ìrókò, kì í ṣe ti arère.
Mo ṣí i.

Òórùn kan jáde,
bí ìgbà tí èèyàn bó ọsàn nínú yàrá
tí wọ́n ti tì pa láti ọdún tó lọ.
Ìyàwó mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé gbójú sókè:
"Ta ló wá?"

Wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀: Olinalá. Mẹ́síkò.
Ọmọ mi tẹ fóònù rẹ̀ títí.
Ó ní ìlú orí òkè ni.
Ó ní òróró èso kan tó kéré ju yánmọtí lọ
ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun òkúta, tí wọ́n fi ń kun igi;
wọ́n á ra á, á dán,
wọ́n á tún fi àwọ̀ mìíràn bò ó,
kí ti òkè tó gbẹ,
wọ́n á fi ẹ̀gún tí wọ́n so mọ́ ìyẹ́ tòlótòló họ ọ́,
kí ti ìsàlẹ̀ lè yọjú.

Ẹ̀rín pa mí.
Ìyá ìyá mi ò gbọ́ orúkọ Mẹ́síkò rí títí ó fi kú.
Lẹ́bàá Àkàbà Ìdénà ló ti ń fín igbá,
abẹ lọ́wọ́, obì lẹ́rẹ̀kẹ́.
"Má tẹ̀ ẹ́ jù," ló máa ń wí. "Ìsàlẹ̀ ò jìnnà."

Ehoro kan ń sáré lórí ìdérí náà,
ewé lẹ́nu rẹ̀, pupa lórí dúdú.
Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan ti bó dànù.
Ibi tó bó yẹn ni mo ti rí i:
lábẹ́ dúdú, pupa;
nínú pupa, àtẹ̀ka.
Ó kéré. Ìka ọmọdé ni,
ọmọ tí wọ́n rán pé kó gbé e lọ síbi ibòji,
tí kò sì lè mú sùúrù.
Bóyá wọ́n lù ú. Bóyá wọn ò tiẹ̀ rí i,
wọ́n kàn fi dúdú bò ó.

Èmi náà tẹ ìka sára ibùsùn ìyàwó kan rí.
Bàbá mi fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì gbá mi lórí,
ó ní, "Àwọn ọmọ tí wọ́n bá bí síbẹ̀
á máa bèèrè ẹni tó kọ́kọ́ sùn."

Mo po osùn mọ́ òróró. Ọjọ́ mẹ́ta, kò gbẹ.
Mo tún un pò.
Ẹsẹ̀ tí mo wá fún ehoro náà, ẹsẹ̀ òkété ni,
òkété ni ọwọ́ mi mọ̀.
Mo fi àlàfo kan sílẹ̀ nídìí itan rẹ̀, bí ẹ̀kún ìka kan.
Mi ò fi fánísì kàn án.

Moríàmọ̀ dé, ó wò ó, ó pòṣé:
"Ta ni ó ra ehoro ẹlẹ́sẹ̀ òkété?"
Mo san ẹgbẹ̀ẹ́dógún fún un.

Ó wà lórí pẹpẹ, láàárín agolo.
Bí òórùn fánísì bá ń ta mí lójú jù,
mo máa ń ṣí i díẹ̀.
Lánàá, ìyàwó mi tún pariwo láti ẹ̀yìn:
"Ta ló wá?"
Mo ní, "Ọmọ kan ni.
Wọ́n rán an níṣẹ́."