Abọ́ Omi Adìẹ

Ní Bluff, níbi tí ilẹ̀ Niu Silandi ti tán,
tí atẹ́gùn oníyọ̀ ń jẹ irin bí eku ṣe ń jẹ ẹ̀pà,
bàbá mi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
tú Họ́mbà bàbá rẹ̀ palẹ̀
láàárọ̀ Sátidé kan, lọ́dún 1971.

Ó ní ojú arúgbó ló ní.
Ó yọ ìdérí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó jù wọ́n sẹ́yìnkùlé.
Ó yọ iná ẹ̀yìn. Ó yọ sítíárì funfun tó tóbi bí àtẹ,
ó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, dúdú, kékeré,
tó ń dán bíi bàtà ọkọ ìyàwó.
Nígbà náà, kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní ojúlówó.
Pàǹtí ni wọ́n.

Murdoch Tulloch, bàbá àgbà mi, kò bá a jà.
Ó kàn lóṣòó, ó ń ṣà wọ́n
bí ẹni ń kó ẹyin lábẹ́ àgbébọ̀.
Sítíárì, ó gbé e kọ́ ògiri kí ẹ̀wà lè fà mọ́ ọn.
Iná ẹ̀yìn, ó ń kó ìṣó sínú rẹ̀.
Ìdérí táyà kan, ó dojú rẹ̀ sókè, ó bu omi sí i:
“Adìẹ, ẹ wá mu.”
Mẹ́ta tó kù, òkun ló mọ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni wọ́n fi mu ún.
Èmi Effie ni mò ń bu omi náà;
nígbà òtútù, mo máa ń fi gìgísẹ̀ fọ́ yìnyín ojú rẹ̀,
ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn kan a sì máa wò mí láti ìsàlẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ambrose Pirie wakọ̀ wá láti Timaru.
Ó fi ṣòkòtò tó mọ́ kúnlẹ̀ sínú imí adìẹ.
Fún ìgbà pípẹ́, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.
Ó ní òun ti ń wá ìkẹrin rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá,
pé ayédèrú pọ̀, ṣùgbọ́n ayédèrú kì í dún báyìí.
Ó fi èékánná lù ú. Ó dún.
Owó tó kà sórí odi
ju iye tí Bàbá Àgbà fi ra odindi mọ́tò náà.

Bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò wo owó.
Ó ní, “Ẹ bi í bóyá ó ń fẹ́ sítíárì.”
Ẹ̀wà ti wé e mọ́ra pátápátá, ó ń tanná.
Ambrose ní òun á dúró dìgbà tí a bá ká a.

Ojúlówó:
ohun tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú, tó wá lówó lórí.

Mo ti ra abọ́ ike pupa fún àwọn adìẹ.
Wọ́n yí i ká, wọ́n wò ó títí.
Wọn ò tíì mu.