Dírẹ́bà

Ọ̀pá yìí, dírẹ́bà ni wọ́n ń pè é.
Orúkọ tèmi náà nìyẹn láti agogo márùn-ún àárọ̀
títí wọn ó fi gba ọkọ̀ lọ́wọ́ mi ní gáréèjì,
bọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé, láti Lochee dé Broughty Ferry,
ọdún mọ́kàndínlógún, mi ò gbá ajá kan rí.
Dírẹ́bà wá gbéra, ó lọ wá dírẹ́bà,
ní Túsìdeè tí mo fi ń sinmi,
nínú ilé páànù kan lẹ́yìn Dundee
tí atẹ́gùn odò Tay ń gbá ilẹ̀kùn rẹ̀
bí ẹni tó wá sin owó.

Morven lorúkọ ọmọbìnrin tó jáde sí mi,
irun pupa, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo lọ́wọ́ òsì,
téèpù lọ́rùn bíi ti télọ̀.
Ó ní kí n dúró bí ẹni tó ń retí nǹkan.
Ó wọ̀n mí láti ọrùn ọwọ́ dé ilẹ̀,
ó wọn ìka, ó wọn àtẹ́lẹwọ́.
Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ ìlú yìí,
ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fi ojú wò mí lẹ́ẹ̀kan péré,
ó ju kóòtù sí mi, ó ní yóò bá mi mu tó bá yá.
Apá rẹ̀ ń bo ìka mi dòní.

Ó ní kí n mú èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀ wá.
Pọ́n-ùn mẹ́jọ, ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù òkú,
orúkọ ẹni tó ni ín ṣì wà lára rẹ̀: W. Petrie.
Wọ́n ní ó fi orí kan ga jù mí lọ.
Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Petrie,
tí bọ́ọ̀lù ń ya ọ̀tún, tó tún ń ya ọ̀tún,
wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún olódòdó yẹ́lò,
tí Fátúsìn á máa bi mí pé
ṣé èrò kan fẹ́ sọ̀ níbẹ̀ ni.

Ó ní kí n gbá. Mo gbá.
Àpótí dúdú kan lóṣòó sẹ́yìn mi,
ó ń ka ohun tí ojú ò rí:
mílì mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ní wákàtí kan.
Mo ní, Morven, tí n bá fi ìdajì ìyẹn wọ Perth Road,
ọlọ́pàá á gba ìwé lọ́wọ́ mi.
Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé mílì náà kéré.

Mo ti fojú sí ọ̀pá líle kan,
irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń jù lórí tẹlifíṣọ̀n.
Ó na ọwọ́ kọjá rẹ̀.
Ó mú ọ̀kan tó ń tẹ̀ bí imọ̀ ọ̀pẹ wá,
lẹ́tà kan ṣoṣo lára rẹ̀: A.
Mo bi í pé kí ni A. Ó wo ilẹ̀,
ó ní ti àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ ni.
Mo ní mo ti mọ̀. Àgbà ni.
Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wọn, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́.

Mo gbá a.
Bọ́ọ̀lù lọ gbọnrangandan lójú aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú,
ó balẹ̀ láàárín pápá tí kò sí níbẹ̀,
ó fi ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún kọjá Petrie.
Morven ní, "Kì í ṣe ọ̀pá nìkan o.
Èjìká rẹ ń sáré ṣíwájú ìdí.
Mi ò lè ta ìyẹn fún ọ."
Ó dùn mọ́ mi pé ó sọ ọ́.

Wọ́n wọ̀n mí tán, ó wá wọ́n:
pọ́n-ùn ọ̀rìnlénírínwó, ó dín ẹyọ kan.
Mo ro owó gáàsì. Mo ro Bísádé,
tó máa béèrè bóyá gọ́ọ̀fù ni àbí góòlù.
Àwọn àgbà ní rekete lohun ẹni ń bá ni mu,
wọn ò sọ iye tí wọ́n ń ta rekete ní Scotland.
Mo ní n ó padà wá.
Ó kọ mí sí páálí kékeré kan:
gígùn, ìwọ̀n, igun, A.

Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, òkùnkùn ṣì wà, páálí wà lápò àyà.
Mo fa àga síwájú, mo tún dígí ṣe,
mo ká apá kóòtù sókè lẹ́ẹ̀mejì.
Níbi iná pupa Nethergate,
mo yí ìdí díẹ̀ lórí àga, kí èjìká tó tẹ̀ lé e.
Ìyá arúgbó tó jókòó níwájú ní,
"Ṣé ẹ̀yìn ń dùn ọ́ ni, dírẹ́bà?"
Mo ní rárá, mà.
Iná ti di ewé.