Yíyí Òpó Ká

Ọ̀jọ̀gbọ́n Hrycan kì í sọ àsọyé.
Á kọ àpẹẹrẹ kan sójú pátákó, á ṣe é parí,
á gbọn ẹfun kúrò lápá súwẹ́tà,
á wá bi wá ní ìbéèrè márùn-ún,
á jókòó.
Nínú ìdákẹ́jẹ́ oṣù kìíní ní Saskatoon
a ó máa gbọ́ bí páìpù ìmúlégbóná ṣe ń húkọ́ lára ògiri.

Nọ́ńbà kan ló fi bẹ̀rẹ̀:
bí o bá sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀
gbèsè oókan ni yóò bí.
Mo rẹ́rìn-ín. Èmi ọmọ tó ń ka ẹ̀tàdínlógún,
tó ti ń yọ ẹ̀ta lára ogún
kó tó mọ òsì yàtọ̀ sọ́tùn-ún,
ṣé gbèsè ló máa wá bà mí lẹ́rù?

Ó bà mí lẹ́rù.

Ìbéèrè kẹta: oókan,
fi oókan-àti-x-lọ́nà-x pín in,
kó gbogbo rẹ̀ jọ láti ìpẹ̀kun òsì
dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, níbi tí kò sí ìpẹ̀kun.
Àpẹẹrẹ ti là á fún wa: má dúró kí ọ̀nà yẹn tán,
kò ní í tán. Gba inú igbó yí padà sílé.
Òpó tí o bá yí ká, bi í léèrè ohun tó ṣẹ́kù.
Àṣẹ́kù òpó ni èsì.

Mo gba ìsàlẹ̀. Òpó kan wà níbẹ̀, mo yí i ká,
mo ka àṣẹ́kù rẹ̀, mo ṣírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀:
gbèsè páì.
Kò fa igi lé e. Báírò pupa ló fi kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀:
"Òkè tí kò wọ ilẹ̀ níbì kankan,
báwo ni erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe di gbèsè?"

Ọjọ́ mẹ́ta. Mo bú ìwé, mo bú páì,
mo bú Wenjing tó jókòó níwájú mi,
tó gbà á, tí kò sì jẹ́ kí n wò.
Màmá mi pè láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà: kí ni mò ń kọ́ gan-an?
Mo ní nọ́ńbà inú ìrònú ni.
Ó ní, "Ṣé owó iléèwé náà wà nínú ìrònú ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, òtútù ti jìn tó ọgbọ̀n lábẹ́ òdo,
mo jáde síbi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀yìn ilé ìkàwé,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí òpó iná kan ká,
bàtà mi ń rún yìnyín wómúwómú.
Rodelio, ẹ̀ṣọ́ òru, tan tọ́ọ̀ṣì sí mi:
"Kí ló sọnù lọ́wọ́ rẹ?"
Mo ní, "Àmì kan ni."
Ó wo ipa ẹsẹ̀ mi títí. Ó ní,
"Kí ló dé tí o ń yí bí ọwọ́ aago?"

Mo dúró.
Ọ̀tún ni mo ń yà. Ọ̀tún ni mo ti ń yà
láti ọjọ́ mẹ́ta, nínú ìwé, nínú yìnyín,
bẹ́ẹ̀ òsì ni òfin náà ń yà; ẹni tó bá gba ọ̀tún
á san gbèsè kan kó tó ka àṣẹ́kù.
Gbèsè pa gbèsè.
Páì ló kù, odindi, kò jẹ ẹnikẹ́ni.
Mo dì mọ́ Rodelio. Ó ní kí n lọ sùn.

Hrycan gbà á, kò ní "o káre".
Báírò pupa: "Bó bá jẹ́ òkè lo gbà ńkọ́?"
Mo ti gbà á. Páì náà ni.
Lábẹ́ rẹ̀, òmíràn: "Mú lọ́ọ̀gì, yí òdo ká lẹ́ẹ̀kan.
Ṣé ibi tí o ti gbéra lo padà sí?"

Ní báyìí mo wà nínú ilé ìgbọ́kọ̀sí alájà mẹ́fà létí odò,
mo ń wa mọ́tò Wenjing, mo ń yà sósì, sósì, sósì,
òpó àárín kò kúrò lójú kan.
Mo tún kan ògiri kan náà, àmì ọfà kan náà,
fèrèsé kan náà tó kọjú sí odò dídì,
àmọ́ odò náà ti jìn sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i.
Mi ò tíì kọ èsì.
Mo tún yà sósì.