Òkun Tó Ń Gbé Lókè Àjà Mi

Ìlú Brno kò létí òkun.
Bí o bá wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀, ilẹ̀ á ti ṣú
kí o tó gbóòórùn iyọ̀ létí omi kankan.
Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀kán omi kan já láti àjà
bọ́ sórí aṣọ tábìlì mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
tí mo fi ìka kàn án, tí mo tọ́ ọ wò,
ẹnu yà mí.
Ó níyọ̀.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, orúnkún mi ń ráhùn.
Ctibor Vrtiška, tó fi ogójì ọdún tún bíréèkì tíráàmù ṣe,
wà lórí ìkúnlẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè,
sípánà lọ́wọ́, ṣòkòtò rin gbingbin.
"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá Květa, ẹ má tíì bínú.
Iná lọ ní ìdájí. Ọ̀rọ̀ pọ̀."

Wọ́n ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn.
Odò tí Ctibor ń sìn nínú gíláàsì bojú wẹ̀yìn o!
Bí iná ṣe lọ, tí pọ́ǹpù dákẹ́,
omi tó ti gòkè rántí ilé,
ó gba ẹnu páìpù tó gbà wá padà sísàlẹ̀,
táǹkì ìsàlẹ̀ kún, ó kún, ó da ara rẹ̀ nù sílẹ̀.
Ihò kékeré tó yẹ kó fa atẹ́gùn, kó já okùn omi náà,
ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ,
iyọ̀ ti dí i pa.

Ìyẹn ti yanjú, ó ti fi ìṣó ṣí i.
Ṣùgbọ́n iná dé, pọ́ǹpù ń kùn,
omi tó ń dé òkè kò ju itọ́ ẹnu arúgbó lọ.
Páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń ṣe gbùlú, gbùlú, ó ń gbé atẹ́gùn mì.
Àwọn iyùn ti ká ọwọ́ wọn jọ.
Ẹja ọlọ́sàn méjì dúró sójú kan, wọ́n ń ya ẹnu sí wa.
"Pọ́ǹpù ló kú," ni Ctibor wí. Ó ti ń ka owó lọ́kàn.
Mo ní, "Dúró ná."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì
ní wọ́ọ̀dù àwọn tí kíndìnrín wọn kọṣẹ́.
Ẹ̀jẹ̀ á jáde lápá, á gba rọ́bà lọ sínú ẹ̀rọ,
ẹ̀rọ á sẹ́ ẹ, ẹ̀jẹ̀ á padà sílé.
Bí agogo bá ké, ọmọdé nọ́ọ̀sì á sáré lọ bá ẹ̀rọ.
Àgbà á fọwọ́ tọ rọ́bà,
díẹ̀díẹ̀, títí á fi dé ibi tó ti ká.

Mo bọ́ òrùka mi. Mo ká apá ẹ̀wù sókè.
Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù lẹ́nu pọ́ǹpù, mo ń tọ̀ ọ́ lọ:
ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n,
dé ìgúnpá tó ṣẹ́ kọ́nà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.
Lẹ́yìn ibẹ̀, kò sí nǹkan kan.
Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.
"Tú ibí."

Ó tú u. Omi ẹlẹ́gbin tú sínú korobá,
lẹ́yìn náà, kó!
Ìgbín òkun kan, tó tóbi tó èékánná àtàǹpàkò,
ìkarahun rẹ̀ ti ṣe gẹ́gẹ́ bí ìdérí ìgò.
Omi tó bojú wẹ̀yìn ló fà á wọlé.
Ìgbín tó bá tẹnu mọ́gi á gùn ún,
ta ló wá sọ fún eléyìí pé igi ni páìpù?
Ó yọ ìwo kan, ó wò wá, ó tún fà á padà.
"Mínísítà nìyẹn," ni Ctibor wí.
"Apolena, ọmọ ọmọ mi, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.
Ó ní ó ń jẹun lójoojúmọ́, òun kò rí iṣẹ́ rẹ̀."

Ó ṣèlérí pé òun á kun àjà mi. Kò tíì kùn ún.
N kò dá a lóró.
Lóru, mo ń gbọ́ omi náà lókè orí mi,
èyí tó ń lọ, èyí tó ń bọ̀.
Lálẹ́ àná ó dákẹ́, bóyá fún ìṣẹ́jú kan.
Mo ti wọ bàtà kí n tó mọ̀.