Egungun Ìhà

Ní Leningrad, ọdún tí yìnyín pẹ́ kó tó yọ́ lórí odò Neva,
èmi Rimma ni mò ń tọ́jú fọ́tò egungun
nílé ìwòsàn kan lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin.
Òfin ní bí fọ́tò bá ti pé ọdún kan, ká kó o dànù:
ó tètè ń gbiná ju ewé gbígbẹ lọ.

Genrikh a wá lálẹ́ Ọjọ́bọ̀
pẹ̀lú ìgò ọtí kan lábẹ́ kóòtù,
a sì kó wọn lọ:
ẹ̀dọ̀fóró alágbẹ̀dẹ, itan oníjó,
agbárí ọmọ tó já bọ́ látorí òrùlé.
N kì í bi í léèrè.
Ẹni tí kò wádìí, kò ní ẹjọ́ í rò.

Àlùmọ́gàjí ni ó fi ń gé wọn róbótó,
sìgá tó ń jó ni ó fi ń lu ihò sí wọn láàárín,
abẹ́rẹ́ a wá kọ orin sí wọn lára,
orin gìtá láti òkè òkun, èyí tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ dún,
ìlù tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé,
ohùn ọmọkùnrin kan tó ń ké bí ẹni tí iná ta lẹ́sẹ̀.
A kò gbọ́ èdè rẹ̀.
Ẹsẹ̀ wa gbọ́.

Nígbà náà, bí ṣòkòtò ọmọkùnrin bá fún jù,
àwọn ọ̀dọ́ tó so aṣọ pupa mápá a dá a dúró ní títì,
wọn a là á dé orúnkún, wọn a sì gé irun rẹ̀.
Gleb wọlé tọ̀ wá lálẹ́ ọjọ́ náà,
ìdajì irun lórí, ìdajì lápò.
Ó ní irun òun ni, òun ò lè fi í sílẹ̀ fún wọn.

Yàrá Faina ni. Àwa méjìlá níbi tí èèyàn mẹ́rin ń gbé.
A ti fi kúbùsù dí fèrèsé,
a ti fi ṣúgà dí ìyá arúgbó òdìkejì ògiri lẹ́nu.
Faina gbé abẹ́rẹ́ lé e.
Ó kọ́kọ́ ń ha, bí iyanrìn nínú bàtà,
gìtá wá bẹ́ jáde,
mo sì jó, èmi tí mo sin òkú lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Nígbà tó dákẹ́, mo gbé e sókè sí iná
kí n lè rí ohun tó ń kọrin.
Egungun ìhà. Márùn-ún lápá kan, mẹ́rin àbọ̀ lápá kejì.
Lábẹ́ ìkẹta, ègé irin kan, kékeré bí hóró ẹ̀wà,
èyí tí bọ́ǹbù fi ta á lọ́rẹ nígbà tí ogun sé ìlú wa mọ́,
tó máa ń sọ fún un pé òjò ń bọ̀ kí òjò tó dé.
Nọ́ńbà ṣì wà létí rẹ̀, yíǹkì funfun, ọwọ́ èmi gan-an:
1147.

Bàbá mi.
Ẹni tí kò kọrin rí, àní nígbà tó mutí yó.
Mo ti tà á fún ìdajì ìgò, n ò wo ojú rẹ̀.

N ò sọ fún wọn. Mo ní kí wọ́n tún un gbé sí i.
Ihò sìgá wà níbi tí ọkàn ì bá wà.
Ọmọkùnrin tí n kò mọ̀ rí ń ké láti inú àyà
tó fi ọdún méjìlá wúkọ́,
Gleb sì ń jó, pẹ̀lú ìdajì irun.

Ìgbà mọ́kànlá ni ó kọ ọ́ kó tó gbó.
Faina fẹ́ sọ ọ́ síná. Mo ní kó fún mi.

Orin náà ti dòmìnira báyìí.
Ó ń dún nílé ìtajà tí mo ti ń ra ọ̀dùnkún,
ó mọ́ gaara, bí omi inú gíláàsì.
Mo máa ń dúró, apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́, mo máa ń tẹ́tí.
Kò sí ìwúkọ́ kankan nínú rẹ̀.