Kọ́kọ́rọ́ Kan ní Etí Ìró Mi

Mo kúrò ní Kétu pẹ̀lú ọmọ kan lẹ́yìn,
ọmọ ọdún márùn-ún, tó ti kọjá ẹni à ń pọ̀n,
ẹgbàajì sẹ́fà nínú ọ̀rá,
àti àdúrà tí mi ò rántí parí.
Ní Àjàṣẹ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi,
wọ́n so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn lápá.
Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ẹ padà wá ní aago méje òwúrọ̀."
Kí n padà wá láti ibo?

Òru méjì ni mo fi sùn sábẹ́ máńgòrò ẹ̀bá ògiri ọsibítù.
Lóru kejì, òjò rọ̀.
Mo fi bàtà ọmọ mi sí àyà kó má baà tutù.
Wọ́n ní ajá kì í rorò kó ṣọ́ ojúlé méjì;
èmi ń ṣọ́ fèrèsé kan lókè,
mo ń ṣọ́ àwọn mẹ́ta tí mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi,
mo tún ń ṣọ́ bàtà.

Onízẹmíjáànì kan ló ní,
"Ẹ ò mọ ilé Tàńtí Filomẹ́ẹ̀nì ni?"
Ó gbé mi débẹ̀. Kò gba kọ́bọ̀.

Ilé Àgùdà àtijọ́, fèrèsé onípákó,
ọ̀kan ti yẹ̀ lára ògiri.
Tàńtí ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Kò bèèrè ẹ̀sìn mi, kò bèèrè iye tó wà lọ́wọ́ mi.
Ó na kọ́kọ́rọ́ sí mi, àkísà pupa ni wọ́n so mọ́ ọn:
"Ẹní kẹrin. Ìkòkò tó ti ṣẹ́ létí ni tìrẹ."

Obìnrin mẹ́sàn-án ni wá, pẹ̀lú Bàbá Líádì láti Pobẹ́
tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
tó ń pọn omi fún gbogbo wa,
tó ń fi òwú dúdú kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun
torí ọmọbìnrin rẹ̀ kò jẹ́ kí nọ́ọ̀sì fọwọ́ kan orí òun.

Òfin ilé náà ò ju ẹyọ kan lọ: a kì í bèèrè.
"Ẹ jí bí?" ti tó.
Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá jẹun,
a ó gbọ́ ọ nínú bó ṣe ń lọ ata.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, Ìyá Ọláìtán ará Ṣábẹ̀ẹ́ wọlé lọ́sàn-án,
ìró tó fi ń pọn ọmọ ní kíká lọ́wọ́ rẹ̀.
Aṣọ kéékèèké mẹ́ta ṣì wà lórí okùn, wọn ò tíì gbẹ.
Tàńtí ká wọn, ó fi irin eléèédú lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbẹ.
Bàbá Líádì jáde lọ wá ọkọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́.
Ọbẹ̀ mi jóná.
Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo dúpẹ́ pé kì í ṣe tèmi,
mo sì bú ara mi nítorí ọpẹ́ yẹn.

Ọjọ́ kejìdínlógún ni wọ́n tú okùn apá ọmọ mi.
Ó wọ bàtà rẹ̀, ó yínmú:
"Màámi, ó ń run èéfín."

Kétu ni mo ti ń fọṣọ
tí kọ́kọ́rọ́ já bọ́ láti etí ìró, ó dún lórí òkúta.
Mo lè fi rán awakọ̀. Mi ò tíì fi rán an.
N ó gbé e lọ fúnra mi bí iṣu bá jáde.
Wọn á ti gẹ́ òmíràn.
Ẹnì kan wà lórí ẹní kẹrin lálẹ́ yìí,
mi ò mọ orúkọ rẹ̀,
mi ò mọ ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀.
Ẹ jí bí?