Nọ́ńbà Mẹ́rin, Nọ́ńbà Mẹ́fà

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Múìbátù
lẹ́bàá Oríta Ọláìyá.
Iná ti lọ. Gílóòbù jẹnẹrétọ̀ ń ṣẹ́jú,
ó pupa bí inú ẹyin.
Ó ṣí ike pẹlẹbẹ kan bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀ wò:
"Èyí kì í ṣe àtíkè tó ń fò bí eruku ẹ̀ẹ̀rùn.
Ìpara ni, ó dì bí òrí,
fóòmù á kàn án, á yọ̀.
Tojoojúmọ́ ni o, kì í ṣe tìyàwó ọ̀ṣìngín."
Ó fi díẹ̀ kùn mí lẹ́yìn ọwọ́,
ó ní, "Wò ó, ó ti wọlé sára."
Lábẹ́ iná yẹn, kí ni kò ní wọlé sára?
Nọ́ńbà mẹ́rin. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀. Mo san án.

Ilẹ̀ mọ́. Mo gbé dígí lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé,
níbi tí oòrùn kì í ti í purọ́ fún ẹnikẹ́ni.
Yéè!
Ojú mi ń re Ìkìrun,
ọrùn mi ń re Ẹdẹ,
abẹ́ àgbọ̀n ni wọ́n ti ń dágbére fún ara wọn.
Ẹ̀yìn ọwọ́ ló tàn mí.
Ọwọ́ tó ń fọ abọ́, tó ń kọ káàdì,
ṣé òun ló yẹ kó jẹ́rìí fún ojú?

Múìbátù kì í gba ọjà tí wọ́n ti tọ́ wò,
àfi kí n fi ẹgbẹ̀rún kan lé e.
Mo ní ó dáa, àmọ́ ká bọ́ síta lọ́tẹ̀ yìí.
Létí títì ló ti fa ìlà mẹ́ta sí mi ní párì
bí ẹni kọlà fún ọmọ tuntun,
àwọn ọlọ́kadà ń wò wá bí ẹni ń wo sinimá.
Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ti àárín yẹn ni tiyín."
Òótọ́ ló sọ. Nọ́ńbà mẹ́fà,
àwọ̀ ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jinná.
Mo wá a títí nínú dígí, n kò rí i mọ́.

Mo rántí ìyá tó bí ìyá mi, aláró,
tó ń rẹ aṣọ lẹ́yìn Ọjà-Ọba.
Aró gun ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá,
bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá a dé sàréè.
Òun kò bi dígí kankan léèrè nọ́ńbà.
Tèmi, kí ọ̀sán tó pọ́n, ó ti wà lára fóònù,
ó ti wà lọ́rùn bùláòsì.

Ọjọ́ Ajé. Àyọ̀ká fi ikọ́ jí mi ní aago kan,
ó tún fi jí mi ní aago mẹ́ta.
Nígbà tó fi máa di márùn-ún, mo ti jókòó, mò ń ṣírò owó oògùn.
Abẹ́ ojú mi wú bí búrẹ́dì tó já sínú tíì.
Mo ṣí ike náà. Dígí inú rẹ̀ kéré:
bó bá gba ojú, kò ní gba imú,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń san gbèsè.
Títẹ̀ ni mò ń tẹ̀ ẹ́, n kò fà á;
Múìbátù ní fífà ló ń fi ààlà hàn.
Abẹ́ ojú. Ẹ̀gbẹ́ imú.
Àpá epo gbígbóná tó wà lágbọ̀n, mo fò ó.
Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Ní ilé ìwòsàn Asúbíaró, nídìí fèrèsé káàdì,
bàbá kan láti Ìlobùú fara ti ọ̀pá, ó wò mí títí,
ó ní, "Ọmọ mi, o sùn dáadáa lánàá. Ó hàn lójú rẹ."
Mo ní, "A dúpẹ́, bàbá."
Mo wá káàdì rẹ̀ jáde. Orúkọ rẹ̀ ti ń ṣá lórí páálí.
Mo fi bírò tún un kọ, mo rọra tẹ̀ ẹ́.

Lálẹ́, omi inú báàfù di àwọ̀ tíì.
Àyọ̀ká ní, "Màámi, ojú yín ń ṣàn lọ."
Mo ní kó sún mọ́ mi.
Mo fi etí tútù lé e láyà, mo gbọ́:
ikọ́ náà ti ń rọ̀.